Òrùka Tí Kò Yí I Ká Tán

Bí o bá rí obìnrin tó sùn gbalaja lórí afẹ́fẹ́, tí gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́, mú ojú kúrò lára rẹ̀. Wo aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń làágùn.

Wẹ́dà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, nítorí iṣẹ́ irin ló kọ́ kó tó bọ́ sẹ́yìn aṣọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló máa ń sùn lórí afẹ́fẹ́. Ọkọ àbúrò rẹ̀, Onídán, ló máa ń dúró níwájú, tí yóò na ọwọ́ méjèèjì, tí yóò di ojú bí ẹni ń bá àwọn ẹni àìrí sọ̀rọ̀. Wẹ́dà nìkan ló mọ̀ pé ẹni àìrí náà, òun ni.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Irin kan wà tó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Ìdí rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ kan lẹ́yìn aṣọ dúdú, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí bí èyí tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. Orí irin náà gba ihò aṣọ jáde, ó gba ẹ̀yìn Onídán kọjá níbi tí agbádá rẹ̀ bò ó, ó sì parí sábẹ́ pákó pẹlẹbẹ tí obìnrin náà ń sùn lé. Aṣọ gígùn tó wọ̀ ló bo pákó mọ́lẹ̀. Bí Wẹ́dà bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń gòkè. Ìyí mẹ́rìnlélógún ló ń gbé e dé ibi tí ẹnu ti máa ń ya èrò.

Àwọn tó gbọ́n nínú èrò a máa ní okùn ló so ó rọ̀. Nítorí tiwọn ni òrùka ṣe wà. Onídán á gbé òrùka ńlá kan, á fi kọjá lára ìyàwó rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí, lẹ́ẹ̀mejì, kí ayé lè rí i pé kò sí ohun tó dì í mú. Ṣùgbọ́n òrùka náà kò kọjá rí. Bó bá ti dé ibi tí irin wà, inú kọ̀rọ̀ ọrùn lékeléke yẹn ló ń wọ̀, á pẹ̀yìn dà níbẹ̀, á sì gba ọ̀nà tó gbà wọlé jáde. Ojú èrò ló ń rò pé ó ti yí i ká. Àṣírí iṣẹ́ náà nìyẹn, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kì í sọ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

Wẹ́dà ti sọ ọ́ rí, lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá tó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Oníbọ̀wọ́, nítorí ìbọ̀wọ́ funfun tí kì í bọ́, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Wẹ́dà ti mọ irin ọlọ́rùn lékeléke. Nígbà tí Onídán wá fẹ́ àbúrò rẹ̀, tí kò ní iṣẹ́ kan ju kó máa yọ ẹyin lẹ́yìn etí ọmọdé lọ, àánú ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe é. Ó tẹ irin mìíràn, ó fi han Onídán bí òrùka ṣe ń rìn, ó sì fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí èrò fi dà gììrì sí gbọ̀ngàn Onídán, tí aláǹtakùn sì ń hun ilé sórí ìjókòó Oníbọ̀wọ́.

Láti ìgbà náà ni Wẹ́dà ti búra fún ara rẹ̀ pé àṣírí irin kò tún ní gba ẹnu òun jáde láéláé. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó láti dalẹ̀.

*

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Ajé kan ni Oníbọ̀wọ́ wá sílé wọn. Oòrùn wà ní àárín orí, kò sí òjìji kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé nǹkan ribiti kan tí a fi aṣọ funfun wé.

"Ẹ má wò mí bí ẹni tó wá jà," ni ó wí. "Àgbà kì í bá ọmọdé jìjàkadì nítorí eré. Òrùka tí ẹ ń lò yẹn ti wọ́. Mo rí i láti ìlà ẹ̀yìn. Ó ń dójú ti gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí."

Ó tú aṣọ náà. Òrùka idẹ ni, ó ń dán bí ojú omi àárọ̀. Inú Onídán dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé kí n bu omi wá?"

"Rárá o, ọmọ mi. N kì í mu omi nílé tí wọ́n bá ti mọ àṣírí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Onídán rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun kan ló ń wò. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé òrùka, apá ló ń fi kọ́. Oníbọ̀wọ́ kò jẹ́ kí òrùka yẹn yí ohunkóhun ká lára rẹ̀. Ìka méjì ló fi mú etí rẹ̀, bí ẹni mú eku ní ìrù.

Bó ti ń jáde lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wẹ́dà. "O ti mọ ẹnu pa mọ́ báyìí, àbí?" ni ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ti mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó dára. Má gbàgbé."

*

Ìwọ̀n àbúrò rẹ̀ wà ní apá Wẹ́dà bí orin tí a ti kọ́ láti kékeré. Bó bá jẹun púpọ̀, apá rẹ̀ á sọ fún un. Bó bá bínú sí ọkọ rẹ̀, tó fi oúnjẹ sílẹ̀, apá rẹ̀ á sọ. Ẹ̀rọ kì í parọ́.

Ní ìgbà kẹta tí wọ́n lo òrùka tuntun, ó dé ìyí kẹjọ, ó sì dúró. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà fúyẹ́. Ó rò pé irin ti yọ. Ó yọjú nínú ihò aṣọ: àbúrò rẹ̀ wà lórí pákó rẹ̀, ó di ojú, irun rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ń yí i lọ. Bí ẹni pé ìrọ̀rí òwú ló ń gbé.

Nígbà tí èrò ti tú, ó bá a níbi tó ti ń bọ́ bàtà.

"Ṣé o ti ń rù ni?"

"Èmi? Ẹ wo ibí yìí." Ó fa ìbàdí aṣọ rẹ̀, aṣọ náà há mọ́ ọn bí ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ti ń lágbára sí i, Bọ̀dá. Ẹ lọ wá ìyàwó fẹ́, kí ẹ rí ibi lo agbára yín."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde láti lọ, Wẹ́dà rí i tó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú kó tó kọjá, lẹ́yìn náà ó di àga mú, lẹ́yìn náà ó di ògiri.

"Kí ló dé tí ò ń di nǹkan mú?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Bọ̀dá. Láti ọjọ́ méjì ni. Bí mi ò bá di nǹkan mú, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ kò fẹ́ mi mọ́."

*

Ní òdìkejì títì tó kọjú sí gbọ̀ngàn náà, bàbá arúgbó kan wà tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìwọ̀n, tó ń wọn ẹni tó bá ń kọjá. Bàbá Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó mọ ohun tó ju kílò lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Wẹ́dà mú àbúrò rẹ̀ lọ.

Obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò méjìlélọ́gọ́ta láti ọdún tó ti lọ́kọ gun ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ sì dúró lórí mọ́kànlélógójì.

"Ìwọ̀n yín ti bàjẹ́, Bàbá," ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì di apá Wẹ́dà mú.

"Ìwọ̀n mi kì í bàjẹ́. Èèyàn ló máa ń bàjẹ́ lórí rẹ̀." Bàbá náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ẹni tó bá rù, ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú tìrẹ ṣì kún. Ẹnìkan ló ń bu ìwọ̀n rẹ mu bí ẹni bu omi nínú ìkòkò. Ẹ wọlé."

Yàrá ẹ̀yìn náà kún fún àwo ìwọ̀n tó ti dógùn-ún, tí wọ́n so rọ̀ sókè àjà. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn àwo náà ń mì díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn sì yí ojú sí apá ibi tí obìnrin náà jókòó sí.

"Kí ló máa ń kan ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yín?" ni Bàbá bi Wẹ́dà.

"Òrùka kan wà, Bàbá. Òrùka idẹ."

"Ta ló fún yín?"

"Ọ̀gá mi àtijọ́."

Bàbá Oníwọ̀n di ojú. "Fetí sílẹ̀ kó o tó dáhùn. Òrùka yẹn, ṣé ó máa ń yí i ká tán? Láti ẹsẹ̀ dé orí, tí kò sí ohun kan láàárín tó dá a dúró?"

Àbúrò rẹ̀ yíjú sí i. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀mùtí ti ń bi í lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àti àwọn tíṣà, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ìdáhùn náà kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

"Ó ń yí i ká tán, Bàbá. Gbogbo ayé ló ń rí i."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Ó dára. Kì í ṣe òrùka nìyẹn. Ohun tó ń sùn lé ni. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́. N kò béèrè, mo mọ̀ pé ẹ̀yin onídán kì í sọ." Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ òjé kékeré kan tí wọ́n sín sínú òwú dúdú, ó so ó mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ obìnrin náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn àwo òkè àjà dúró jẹ́ẹ́.

Lójú ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ ń rìn láìdi nǹkan mú. "Bọ̀dá, ṣé kò yẹ ká sọ ti irin fún wọn?"

"Irin náà kọ́ ni wọ́n ní ká yọ? Wọ́n ti mọ̀ láìsọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ta á nínú bí ẹ̀gún tó wọ àtẹ́lẹsẹ̀, tí a kò rí ibi tó wọlé sí.

*

Oníbọ̀wọ́ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn ní ọjọ́rú, ó fi fìlà bo iwájú orí. Ó rí òwú dúdú ní ẹsẹ̀ obìnrin náà kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ti lọ bá ẹnìkan nìyẹn. Ẹni náà á sì ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹni tó bá mọ̀ yóò bi wọ́n. Oníbọ̀wọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìdáhùn wọn fún un. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ Wẹ́dà ní ìdáhùn náà.

Ohun kan ṣì ń dí oògùn náà lọ́wọ́, kò jẹ́ kó mu ju ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ lọ. Oníbọ̀wọ́ kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn fúnra wọn ni yóò gbé e kúrò. Ó na ìka rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi sùúrù jókòó.

*

Ní àárọ̀ Ẹtì, Wẹ́dà sọ fún àna rẹ̀ pé irin gbọ́dọ̀ kúrò. Onídán kò jiyàn. Ó kàn wo ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, ó tú òjé kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti wò ó.

Ara obìnrin náà gbéra kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ìbú ọwọ́ kan.

Onídán kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ọ́ ní apá kejì, ó tún na án. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bọ̀dá," ni ó wí. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án. Kò sí nǹkan kan."

"So òjé náà padà."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń purọ́ lórí pèpéle yẹn. Bí mo bá rí ọmọ tó lanu sílẹ̀, ojú máa ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́la nìkan. Bó bá parí, a ó so ó mọ́lẹ̀, a ó sì sinmi."

"Bàbá ní kó má sùn lórí irin. Wọn ò ní kó fò."

"Ṣé ó ń fò ni? Ẹ wò ó, ó kàn sùn ni."

Wẹ́dà yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní òkè àjà, bí ẹni ń wo ìlú tó ti gbé rí.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é, Bọ̀dá," ni ó wí. "Ara mi ń fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹnu ọ̀nà ni àna ń bá a dé. Wẹ́dà tú irin náà kúrò lára ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé e ti ògiri. Ó dà bí ẹyẹ tí wọ́n ti pa.

*

Aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Onídán tú òjé kúrò lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó fi lé Wẹ́dà lọ́wọ́.

"Ẹ bá wa dì í mú. Ẹ lọ fẹ́ atẹ́gùn níta, Bọ̀dá. Ẹ ti yí ẹ̀rọ tó."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mọ́kànlá, iṣẹ́ ń lọ, Wẹ́dà sì wà lójú títì. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó la àtẹ́lẹwọ́ láti wo òjé náà.

Òjé kò sí lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ga ju ú lọ díẹ̀, ó rọ̀ síbẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ nínú atẹ́gùn.

Ó sáré la títì kọjá. Bàbá Oníwọ̀n rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dìde kúrò lórí àga.

"Ohun tí òjé kò lè dì mú, òrùka ló ń fà á," ni ó wí. "O ní ó ń yí i ká tán."

Wẹ́dà pa ọwọ́ dé lórí òjé náà kó má bàa fò lọ.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń yí i ká tán?"

"Kò yí i ká rí, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Irin kan wà. Irin náà kì í jẹ́ kó kọjá."

Ojú bàbá náà ṣú. "Irin yẹn ló ń dì í mú sáyé. Irú òrùka bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá yí èèyàn ká tán ni oògùn rẹ̀ pé; nítorí o ní ó ti ń yí i ká ni mo ṣe sọ pé kì í ṣe òrùka. Irin náà dà?"

Wẹ́dà ti ń sáré.

Ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ tí kò ní nǹkan kan lórí. Ó fa aṣọ dúdú ya. Àbúrò rẹ̀ sùn sórí afẹ́fẹ́, ó lẹ́wà ju ti ọjọ́ kọ́jọ́ lọ. Òrùka ti kọjá ikùn rẹ̀.

"Dá a dúró," ni Wẹ́dà pariwo. "Má jẹ́ kó kọjá."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé apá kan eré ni. Onídán pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí àna rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Òrùka kọjá àyà. Ó kọjá ọrùn. Ó gba orí jáde, wẹ́rẹ́, láìkan nǹkan kan.

Ó jábọ́ lọ́wọ́ Onídán, ó sì là sí méjì.

Obìnrin náà la ojú. "Bọ̀dá," ni ó wí, bí ẹni tó jí nínú yàrá tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wẹ́dà fò, ó mú etí aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òun náà kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn obìnrin náà kan àjà gbọ̀ngàn, ó rọra dúró síbẹ̀. Èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi pọ́n. Ní ìlà tó kẹ́yìn, ọkùnrin kan bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ kó lè pàtẹ́wọ́ dáadáa.

*

Wẹ́dà tan iná sí òrùka náà ní ìgbà mọ́kàndínlógún láti jó o pọ̀. Kò lẹ̀ mọ́ra. Idẹ tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kì í gbọ́ ti wẹ́dà. Bàbá Oníwọ̀n wò ó, ó mi orí, kò sì jókòó sí ìdí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wẹ́dà lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Oníbọ̀wọ́.

"Kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ yín, sà. Èmi ni. Ẹ mú mi rọ́pò rẹ̀."

Oníbọ̀wọ́ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Kò dà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí o sọ fún arúgbó yẹn," ni ó wí. "Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ. Ìwọ tí o ta àṣírí mi nígbà tí kò sẹ́ni tó fipá mú ọ, kí ló dé tí o kò tà á lẹ́ẹ̀kejì?"

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá àbúrò rẹ̀ báyìí, wọ́n fi nọ́ọ̀tì kàn án mọ́lẹ̀. Okùn ló wà lára rẹ̀ dípò irin, orí okùn sì wà ní ìbàdí obìnrin náà lókè àjà. Láàárọ̀, Wẹ́dà á yí i wálẹ̀ kó lè jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí apá bá ń gbọ̀n, á jẹ́ kó gòkè padà. Onídán máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyí mẹ́rìnlélógún ni títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ọwọ́ ẹ̀rọ ń wúwo sí i, òkè ni gbogbo ìwúwo náà sì ti ń wá.

Àwọn èèyàn a máa yọjú lójú fèrèsé láti béèrè bó ṣe ń ṣe é. Wẹ́dà ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọrùn lékeléke, kọ̀rọ̀ tí òrùka ń wọ̀, ohun tó sọ fún Bàbá Oníwọ̀n, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ṣẹ́jú sí i. "Irin wà níbẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ̀yin onídán, ẹ kì í sọ òtítọ́."

Bí wọ́n bá ti lọ, ohùn kan á wá láti òkè àjà.

"Bọ̀dá, ṣé ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀?"

"Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, ọmọ ìyá mi."

Kò tíì sọ fún un pé okùn náà ti ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.